Ẹlẹ́rìí Tí Mo Fi Sínú Fóònù Wọn

Ṣọ́ọ̀bù mi ní Osi ni àwọn ènìyàn ti máa ń gba iná sí fóònù wọn nígbà tí iná ìjọba bá lọ, èyí tí í ṣe ọ̀pọ̀ ọjọ́. Wọ́n á gbé fóònù kalẹ̀, wọ́n á bá tiwọn lọ sí oko tàbí ọjà. N kì í lẹ nọ́ńbà mọ́ fóònù kankan. Mo mọ ti oníkálukú. Mo tún mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí púpọ̀ nínú wọn, nítorí àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ máa ń ní kí n bá àwọn wo ẹni tó pè. N kì í ka ohun tí kò kàn mí. Bí ojú mi bá ṣèèṣì rí i, ẹnu mi kò ní gbọ́. Ìyàwó mi, kí ó tó kú, máa ń sọ pé èmi lè jókòó ti àṣírí títí oorun á fi gbé àṣírí náà lọ.

Mo sọ èyí kí ẹni tó ń kà á lè mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ mi fi wá mi wá.

Ọmọ Isolo-Opin ni ọ̀rẹ́ mi, Èkó ló ń gbé. Bàbá rẹ̀ jẹ́ olùkọ́. Inú oko ni èmi wà títí mo fi di géńdé ọmọ, kí olùkọ́ náà tó wá bá bàbá mi lábẹ́ igi kòkó pé kí ó yọ̀ǹda mi fún ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n fi mí sí kíláàsì kìíní láàárín àwọn ọmọ tí orí wọn kò ga ju ìbàdí mi lọ. Bàbá Kíláàsì ni wọ́n ń pè mí. Ọ̀rẹ́ mi ti wà ní kíláàsì ńlá nígbà náà, ṣùgbọ́n bí aago ìsinmi bá ti lù, ọ̀dọ̀ mi ló ń wá jókòó sí. Ó máa ń sọ fún wọn pé, "Ẹgbẹ́ mi ni. Ẹni tó bá pè é ní bàbá, kó pe èmi náà ní bàbá, kó sì wá dọ̀bálẹ̀." Kò sí ẹni tó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n dákẹ́.

Nígbà tí ìyàwó mi kú, ó wá láti Èkó. Ó tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Gbogbo ènìyàn ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbà náà. Òun nìkan ló mọ̀ pé n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí ènìyàn bá bi mí ní ọdún tó kọjá pé ta ni mo gbẹ́kẹ̀ lé lórí ilẹ̀ ayé, òun ni n bá dárúkọ, n kò ní rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ wa àtijọ́, bàbá rẹ̀, di olóògbé. Ó ti dàgbà, ó ti rí ọmọ-ọmọ. Òkú ayọ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ tí kò dùn: ilé. Àbúrò ọ̀rẹ́ mi obìnrin, àbíkẹ́yìn wọn, ló ń gbé inú ilé náà. Ìgbà tí ilé ọkọ dàrú mọ́ ọn lórí ló padà wá, ó sì tọ́jú bàbá rẹ̀ dé èémí ìkẹyìn. Ọ̀rẹ́ mi fẹ́ sọ ilé náà di ilé àlejò fún àwọn ọmọ ìlú tó máa ń ti Èkó àti Abuja wá ṣe ọdún tàbí wá sìnkú. Gbogbo wa la mọ̀. A sì mọ̀ pé àbúrò náà kò ní ibòmíì tó lè forí pamọ́ sí. Wọ́n ní kí erùpẹ̀ tó bo bàbá, ìdílé á jókòó, wọ́n á sọ ibi tí ọmọbìnrin náà máa gbé.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò lágbára ní Isolo-Opin. Ènìyàn lè gun òkè kan kó rí i, kó sọ̀ kalẹ̀ kó pàdánù rẹ̀. Nítorí àwọn àlejò ìsìnkú, ọ̀rẹ́ mi gbé àwo kan tó ń gba íńtánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run wá, pẹ̀lú àpótí dúdú kékeré kan tí gbogbo ohun tí àlejò bá fi wáífáì ṣe máa gbà kọjá. Ó ní kí n wá bá òun tò ó. Mo gun ọ̀kadà láti Osi, mo kan àwo mọ́ òrùlé, mo fa wáyà wọ pálọ̀. Àpótí dúdú ni ó ní kí n má dààmú lé, pé òun ti ṣe gbogbo rẹ̀ láti Èkó. Bí àlejò bá fẹ́ lo wáífáì náà, ojú ìwé ìkíni kan ló máa kọ́kọ́ jáde, pẹ̀lú àwòrán bàbá àti ètò ìsìn òkú.

Ẹni tó kọ́kọ́ dán an wò ni àbúrò bàbá, ìyá arúgbó kan tó ti Oke-Opin wá. Ojú fóònù rẹ̀ pupa wẹ̀ẹ̀.

"Olè! Ẹ gbà mí o, fóònù mi ní olè wà nínú ilé yìí!"

"Ìyá, kí ló sọ?"

"Ó ní wọ́n fẹ́ jí nǹkan mi. Kí ni mo ní? Eyín mélòó ló kù lẹ́nu mi tí wọ́n fẹ́ jí?"

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tí fóònù náà ń sọ.

Fóònù kò mọ ènìyàn. Àwọn ẹlẹ́rìí ló mọ̀. Láti ibi tí wọ́n ti ṣe é ni wọ́n ti kọ orúkọ wọn sínú rẹ̀. Bí ojú ìwé kan bá ní òun ni báńkì, fóònù á ní kó mú ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ wá, á wo ẹni tó fọwọ́ sí i. Bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí tó mọ̀, á dákẹ́. Bí kò bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, á pariwo. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ọmọ ìjọ tó bá kó lọ sí ìlú mìíràn. Wọn kì í torí pé ó mọ orin kọ kí wọ́n gbà á sí ẹgbẹ́. Ìwé tí alùfáà ibi tó ti ń bọ̀ fọwọ́ sí ni wọ́n máa bèèrè. Ojú ìwé ìkíni tiwa kò ní ìwé kankan lọ́wọ́ ju èyí tó kọ fún ara rẹ̀.

Mo pe ọ̀rẹ́ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Jẹ́ ká gba orúkọ fún ojú ìwé yìí, ká lọ gba ìwé-ẹ̀rí lọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí tí fóònù ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Yóò ti parí kó tó di ọ̀la."

"Àlejò ń sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, ìwọ ń sọ̀rọ̀ ọ̀la." Ó mú fóònù rẹ̀ jáde. "Mo ti ṣe ẹlẹ́rìí tiwa. Òun ló máa fọwọ́ sí i. Bá mi fi sínú fóònù àti láàpútọ́ọ̀pù wọn, ariwo tán."

Mo lọ ṣe dípílọ́mà lórí kọ̀ǹpútà ní Ilorin nígbà tí irun ti ń funfun lórí mi, wọ́n sì kọ́ wa ní èyí dáadáa. Ẹlẹ́rìí tí ènìyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ fi sínú fóònù kì í dúró lórí ojú ìwé kan. Ohunkóhun tó bá fọwọ́ sí ni fóònù yóò gbà. Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fọwọ́ sí ìwé, bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dúró sáàárín ọ̀nà, kó pe ara rẹ̀ ní ilé í-meèlì, kó gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ oníǹkan, kó kà á tán, kó tó fi í ránṣẹ́ síbi tó ń lọ. Oníǹkan kò ní mọ̀.

Mo bi í pé, "Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo ti pa á rẹ́. Ojú ìwé bàbá nìkan ni mo fi fọwọ́ sí, mo sì pa á rẹ́." Ó wò mí. "Àbí o ò gbà mí gbọ́ ni?"

Mo ní mo gbà á gbọ́.

Láàpútọ́ọ̀pù tèmi ni mo kọ́kọ́ fi ẹlẹ́rìí náà sí. Lẹ́yìn náà ni mo jókòó sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń gbé tiwọn wá. Àwọn ará ilé, àwọn ọmọ ìjọ, àwọn tó ti Iloffa wá. Wọ́n ń sọ nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí fóònù fún mi sókè bí ẹni ń kí ènìyàn. Àwọn fóònù kan gbé ọ̀rọ̀ jáde lẹ́yìn tí mo ṣe é tán. Ìyá arúgbó tún padà wá.

"Ọkọ mi, ó tún ti ń sọ̀rọ̀. Ẹ bá mi kà á. Wọ́n ní ó ní ẹnìkan lè máa wò mí."

Ọmọkùnrin kan láti Abuja ní, "Ìyá, ta ló ráyè wò yín?"

"Ìwọ má fojú di mí. Nígbà tí mo wà lọ́mọge, igi ni wọ́n ń gùn kí wọ́n tó lè rí mi wò!"

Mo lọ bi ọ̀rẹ́ mi. Ó ní ohun tí fóònù máa ń sọ nìyẹn bí a bá ti fi ẹlẹ́rìí kún un. Òótọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ló máa ń sọ, ìbáà jẹ́ ẹlẹ́rìí rere, ìbáà jẹ́ ti èké.

Àbúrò rẹ̀ ló gbé tirẹ̀ wá gbẹ̀yìn. Láàpútọ́ọ̀pù ni. Òun ló fi ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, èyí tó wà nílùú òyìnbó, kọ̀wé nípa ọ̀rọ̀ ilé, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ara wọn lórí fóònù. Kò gbé e kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó dì í mú.

"Bọ̀dá, kí ni ẹ fẹ́ fi sí i?"

Mo sọ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ lókè yìí, pẹ̀lú ìwé alùfáà.

"Ta ló wá dúró fún ẹlẹ́rìí yìí?"

"Èmi ni."

"Ó parí nìyẹn," ó ní. Ó sì gbé e lé mi lẹ́sẹ̀, ó lọ wo iná tí wọ́n fi ń se ẹ̀wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n jókòó nípa ilé. Èmi kì í ṣe ọmọ ilé, ọ̀nà àbákọjá ni mo wà, mo ń tún ojú wáyà jẹnẹrétọ̀ kan so. Mo ń gbọ́ wọn. Ìyá arúgbó gbàdúrà. Ọ̀rẹ́ mi kò dúró kí ẹnikẹ́ni bèèrè nǹkan.

"Àbúrò mi, n kò ní lé ọ síta. Yàrá méjì ẹ̀yìn tó dojú kọ kànga, tìrẹ ni. Ìyókù á di ilé àlejò. Mo mọ̀ pé ìyẹn á tẹ́ ọ lọ́rùn."

Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti rí ìdáhùn kó tó bèèrè. Àbúrò rẹ̀ ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rò ó. Ó jáde gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá, kò rí mi, ó bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí fóònù. Wáífáì tuntun náà ti jẹ́ kí ó gbọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà nílùú òyìnbó ketekete.

"Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún! Ẹ̀yin nìkan ni mo sọ fún pé bó bá le koko, n ó gba yàrá ẹ̀yìn. Kí ló fún yín tí ẹ fi sọ fún un? … Ẹ má búra fún mi. Inú í-meèlì ni mo kọ ọ́ sí lálẹ́ àná. Ṣé ẹ̀mí àìrí ló kà á ni?"

Mo gbé wáyà kalẹ̀.

Mo lọ síbi tí mo gbé láàpútọ́ọ̀pù mi sí. Mo so ó mọ́ wáífáì náà, mo ṣí ojú ìwé báńkì, mo tẹ àmì àgádágodo tó wà lókè rẹ̀ láti mọ ẹni tó jẹ́rìí sí i. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́rìí tí gbogbo ayé mọ̀ ni. Mo ṣí ojú ìwé í-meèlì, mo tẹ àgádágodo tirẹ̀. Orúkọ ìdílé olùkọ́ wa ló wà níbẹ̀. Mo tì í, mo tún un ṣí. Ó wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ẹni tó bá ti pa kọ́kọ́rọ́ rẹ́ kò lè fọwọ́ sí ohun tuntun.

Mo bá a lẹ́bàá táǹkì omi, ó ń bá àwọn tó fẹ́ pa àtíbàbà ìsìnkú sọ̀rọ̀. Mo dúró títí wọ́n fi lọ.

"O ní o ti pa kọ́kọ́rọ́ yẹn rẹ́."

Ó wo ojú mi, ó sì mọ̀ pé mo ti mọ̀. Kò tilẹ̀ sẹ́ ẹ. Ìyẹn dùn mí. N bá fẹ́ kó sẹ́ ẹ díẹ̀.

"Ilé bàbá mi ni," ó ní. "Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń gbèrò sí mi. N kò gba nǹkan ẹnikẹ́ni. N kò wo ti báńkì wọn."

"O purọ́ fún mi."

"Bí mo bá sọ òótọ́ fún ọ, ṣé o máa ṣe é?"

"Rárá."

"O rí i. Bí mo bá sì ní kí wọ́n gbé e fún èmi fúnra mi, ta ló máa gbé e? Àbúrò mi? Ìwọ ni wọ́n máa gbé e fún láì bèèrè."

"Ìdí tó o fi pè mí nìyẹn?"

"Kí lo rò pé ó jẹ́? Ṣé àwọn tó ń fa wáyà ti tán l'Ékòó ni?" Ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé èjìká mi bíi ti àtijọ́. "Má sọ ọ́ di ńlá. Ẹ̀yìn ìsìnkú, n ó tú gbogbo rẹ̀. Ṣé o ti gbàgbé ilé tó mú ọ kúrò lábẹ́ igi kòkó ni?"

"Bàbá ló mú mi. Kì í ṣe ìwọ."

Mo yọ èjìká mi.

Bí mo ti ń rìn lọ, ohun tí mo ń rò kì í ṣe ti ilé. Mo ń rò pé ọkùnrin yìí ti mọ̀ mí láti kékeré. Ó mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀. Ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn ti fi gbogbo ọdún ayé mi wò mí kí wọ́n tó gbà mí gbọ́. Ó wá gbé mi wọ̀ bí ẹni tó gbé agbádá ẹlòmíràn wọ̀, ó fi mí jáde lọ síbi tí òun kò lè fi aṣọ ara rẹ̀ dé. Mo ń rò pẹ̀lú pé bóyá ní ilé-ẹ̀kọ́, nígbà tó ń wá jókòó tì mí, nǹkan kan wà tó ń rí gbà níbẹ̀ tí èmi kò mọ̀. Ìyẹn ni ohun tó burú jù tó ṣe sí mi. Kò jí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ nìkan. Ó kó ìgbà èwe mi sínú iyèméjì.

Mo lè dákẹ́. Ó gbójú lé e pé n ó dákẹ́. Ìsìnkú olùkọ́ mi ni, ta ló fẹ́ kí ìjà bẹ́ sílẹ̀ lórí òkú àgbà? Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà ní ẹ̀yìnkùlé tó ń bú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tí kò ṣe nǹkan kan.

Mo bá a níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ odó. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí, láì fi kún un, láì yọ níbẹ̀. Ó gbọ́ mi dópin.

"Ẹ̀yin ni ẹ fi sí i."

"Èmi ni."

"Ẹ ní ẹ̀yin lẹ dúró fún un."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ó dìde, ó lọ gbé láàpútọ́ọ̀pù rẹ̀ wá. Mo na ọwọ́ láti gbà á. Kò gbé e fún mi.

"Ẹ sọ fún mi ibi tí n ó tẹ̀."

Mo sọ fún un. Ó jókòó, ó yí ojú rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ mi, ó ń tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ̀. Ibi ààbò. Ibi ìwé-ẹ̀rí. Ibi àwọn ẹlẹ́rìí tí a fọkàn tán. Ó bi mí bóyá kí òun yọ ọ́, mo ní kó yọ ọ́. Ó ní ó ti lọ. Ó yí ọ̀rọ̀ ìwọlé í-meèlì rẹ̀ padà lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù rẹ̀, kì í ṣe lórí wáífáì. Lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo kúrò níbẹ̀ kí n má bàa gbọ́ bó ṣe ń bẹ̀ ẹ́.

Mo padà sí abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní kí wọ́n kó gbogbo fóònù wá.

"Kí ló tún dé, ọkọ mi?" ìyá arúgbó ní.

"Ohun tí mo fi sí i kò dára, Ìyá. Mo fẹ́ yọ ọ́."

"Ẹni tó ń gun igi wò mí náà ńkọ́?"

"Mo fẹ́ lé e sọ̀ kalẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo ṣàlàyé, wọ́n fẹ́ mọ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹlẹ́rìí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kì í ṣe ọwọ́ mi. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n wá wo ọ̀nà táǹkì omi, níbi tí ọ̀rẹ́ mi dúró sí tó ń wò wá. Àwọn kan gbé fóònù wọn fún mi. Àwọn kan ní kí n máà wulẹ̀ ṣe wàhálà, pé àwọn ọmọ àwọn á bá àwọn ṣe é bí àwọn bá dé Èkó.

A sin olùkọ́ wa ní Sátidé. Mo gbé apá kan pósí. Ọ̀rẹ́ mi gbé apá iwájú. Nígbà tí a fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó ní, "Rọra, rọra," èmi ló ń bá sọ̀rọ̀, mo sì rọra. Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn láàárín wa nìyẹn.

Lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́ ní Sọ́ńdè ni ìdílé tún jókòó. N kò sí nítòsí. Wọ́n ní àbúrò náà gbé fóònù sáàárín, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti ìlú òyìnbó, ó sì sọ níwájú gbogbo wọn ohun tí ọ̀rẹ́ mi ṣe. Wọ́n ní àbúrò náà kò dárúkọ yàrá ẹ̀yìn mọ́. Ó ní gbogbo ilé. Ìyá arúgbó fọwọ́ lu orúnkún, ó ní ẹni tó tọ́jú alààyè ló ni òrùlé, ọ̀rọ̀ sì tán. Ọ̀rẹ́ mi wọ mọ́tò rẹ̀ kí wọ́n tó pín ẹran.

Mo wà níwájú ilé, mo fẹ́ gbé àkàbà kí n gun òrùlé lọ tú àwo íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí àbúrò náà jáde.

"Wọ́n fi ilé sílẹ̀ fún mi, Bọ̀dá."

Mo ní mo bá a yọ̀. Òótọ́ ni, mo bá a yọ̀.

Ó wo àkàbà tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ẹ fi í sílẹ̀. Mo ti pe ẹnìkan láti Ilorin tó máa wá tú u." Ohùn rẹ̀ kò le. Bí ènìyàn ṣe ń bá àlejò sọ̀rọ̀ ni. "Ẹ lọ jẹun. Wọ́n ń bu oúnjẹ lẹ́yìn."

Mo fi àkàbà ti ògiri. Mo ní mo ti yó. Mo jáde sí títì lọ wá ọ̀kadà.